Másítáàsì lórí ìlera ọpọlọ: ṣé kí n dúró n'Íbàdàn ni àbí kí n sọdá?

Àbẹ̀ní_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ibí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń yọjú wo ọ̀rọ̀ yín láìfọhùn, àmọ́ tòní ti dé ọ̀fun mi.

Ọmọ ọdún 27 ni mí. Sociology ni mo kà, second class lower ni mo fi jáde, mo sì ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán. Ó di ọdún méjì báyìí tí mo ti ń bá àjọ kékeré kan ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn. Àwọn ọmọ tó sá kúrò nílé là ń gbà sọ́dọ̀, tí à ń bá wọn wá òbí wọn kàn. Mo gbádùn iṣẹ́ náà, àmọ́ ó ti hàn sí mi pé ohun tí mo mọ̀ kò gbé e mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan wà lọ́dọ̀ wa báyìí tí kì í sùn. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló máa lọ jókòó sí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Gbogbo wa kàn ń wò ó ni. Àdúrà àti bisikíìtì, ibẹ̀ ni ọgbọ́n wa parí sí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin náà ṣàìsàn ọpọlọ nígbà tí mo wà ní girama. Ọdún kan àtààbọ̀ la fi gbé e kiri ilé àdúrà kí ẹnìkan tó sọ fún màmá wa pé kí wọ́n gbé e lọ sí Àrò. Ara rẹ̀ ti yá, ó ń ṣiṣẹ́, ó ti níyàwó.

Mo fẹ́ ka másítáàsì. Ẹnìkan ní kí n ka clinical psychology, ẹlòmíì ní social work, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ní kí n lọ sí UI lọ ka ti ìlera ọpọlọ àwọn ọmọdé. Àǹtí mi tó wà ní London ní kí n má wulẹ̀ ronú, kí n ṣáà máa bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ṣíṣe? Ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ owó pamọ́ fún mi, torí kò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì_Láfẹ́ńwá

Àbúrò, kú iṣẹ́. Kí n tó dé orí ìbéèrè rẹ: ọmọ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ò gbọdọ̀ dúró de másítáàsì rẹ. UCH ní ibi tí wọ́n ti ń rí àwọn ọmọdé. Ẹ gbé e lọ lọ́sẹ̀ yìí.

Ó yá. Ohun tí mo máa ń bi ẹni tó bá gbé irú ọ̀rọ̀ yìí wá ni pé, láàárọ̀ Mọ́ńdè, kí lo fẹ́ máa fi ọwọ́ rẹ ṣe? Torí àwọn ìwé ẹ̀rí yìí jọra létí, iṣẹ́ wọn ò jọra rárá. Tó bá jẹ́ pé oògùn lo fẹ́ máa kọ fún èèyàn, kò sí másítáàsì tó lè gbé ẹ débẹ̀. Dókítà ló ń kọ ọ́, ọdún gbọọrọ sì ni dókítà fúnra rẹ̀ ń lò lẹ́yìn ilé-ìwé ìṣègùn kó tó di dókítà ọpọlọ. Tó bá jẹ́ wọ́ọ̀dù lo fẹ́ wà, kí o mọ aláìsàn tó gbé oògùn mì àti èyí tó fi pamọ́ sábẹ́ ahọ́n, iṣẹ́ tiwa nìyẹn, ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń gbà débẹ̀. Clinical psychology, wọ́n á kọ́kọ́ bi ẹ́ bóyá psychology lo kà ní digíríì àkọ́kọ́. Sociology rẹ máa dínà fún ẹ níbẹ̀. Ó wá ku social work àti ti àwọn ọmọdé tí ọ̀gá rẹ sọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń fojú kékeré wo social work, ẹ gbọ́ èyí. Bàbá kan wà ní wọ́ọ̀dù wa nígbà kan, ara rẹ̀ ti yá pátá, dókítà ti buwọ́ lù ú pé kó máa lọ sílé. Oṣù méjì kọjá, kò sẹ́ni tó wá mú un. Nọ́ńbà tó wà nínú fáìlì kò lọ mọ́. Social worker wa wọ mọ́tò, ó wá ilé náà lọ sí ìlú kan lápá Ìjẹ̀bú. Nígbà tó débẹ̀, wọ́n ti gba owó ilé lórí yàrá bàbá yìí, ayálégbé ti wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì bàbá wà lẹ́yìnkùlé, òjò ti pa á, adìyẹ ti yé sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni obìnrin yẹn lọ lásán. Lọ́jọ́ kan, olórí ẹbí ló bá sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ayálégbé ni. Ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé kò sọ nǹkan kan, ó kàn bá wọn jẹ iyán ni, ó sì padà. Ìgbà tó lọ lẹ́ẹ̀karùn-ún ni wọ́n tẹ̀lé e wá. Abẹ́rẹ́ wo ló fẹ́ ṣe ìyẹn?

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí Àrò fi bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Nígbà tí Dókítà Adéoyè Lambo dá ètò abúlé yẹn sílẹ̀ lọ́dún 1954, ilé àwọn àgbẹ̀ tó wà láyìíká ni wọ́n fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí, tàwọn ti ẹbí tó bá wọn wá. Wọ́n á wá gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọ́n á padà sábúlé lálẹ́. Ìdílé wà nínú ìtọ́jú láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ní báyìí, àwa là ń fi mọ́tò wá ìdílé kiri.

Ọ̀gá_Ìgboro

Iṣẹ́ wo ló wà nídìí ẹ̀? Àbúrò, lọ kọ́ kọ̀ǹpútà. Wèrè ò lè tán ní Nàìjíríà, àmọ́ wèrè kì í sanwó.

Agbowó_Àtijọ́

Ọ̀gá Ìgboro, ẹ rọra. Ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tán ni. Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀.

Àbẹ̀ní, mo ka ti àwọn ọmọdé yẹn ní UI. Ọdún 2011 ni wọ́n dá ibẹ̀ sílẹ̀, owó ìrànwọ́ MacArthur Foundation láti Amẹ́ríkà ni wọ́n fi gbérasọ. Wọn kì í gba dókítà nìkan, ohun tó sì dára jù lára ibẹ̀ nìyẹn lójú tèmi. Dókítà ló jókòó lápá ọ̀tún mi ní kíláàsì, lápá òsì ni tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tó ti fi nǹkan bí ogún ọdún kọ́ ọmọ. Tí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ ọmọ kan kalẹ̀ pé kì í jókòó jẹ́ẹ́, dókítà á ti máa to orúkọ àìsàn sílẹ̀, tíṣà á ní, "Ẹ dúró ná. Ṣé ó jẹun kó tó wá?" A kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, dókítà gan-an ti ń béèrè oúnjẹ kó tó béèrè nǹkan míì.

Sociology rẹ ò ní dí ẹ lọ́wọ́ níbẹ̀. Ọdún méjì tí o ti fi bá àwọn ọmọ tó sá nílé ṣiṣẹ́ tún níye lórí ju bí o ṣe rò lọ. Gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, kó kọ ohun tí o ń ṣe gan-an, kì í ṣe "she is hardworking". Ọdún kan àtààbọ̀ ni kọ́ọ̀sì náà lórí ìwé. Mo ní lórí ìwé o. Tí àwọn olùkọ́ bá daṣẹ́ sílẹ̀ tàbí tí supervisor rẹ bá rìnrìn àjò, ìwọ náà á jókòó. Tí o bá sì ń ro PhD lọ́jọ́ iwájú, àròpọ̀ máàkì rẹ ní UI gbọ́dọ̀ tó 60, nítorí náà má fi kọ́ọ̀sì kankan ṣeré torí pé ó dà bíi pé kò ṣe pàtàkì. Ìṣirò ìwádìí ló ń fa àwọn èèyàn lulẹ̀ jù.

Nípa project: má bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kan kí ìgbìmọ̀ tó ń gbèjà ẹ̀tọ́ àwọn tí à ń fi ṣèwádìí tó fún ẹ níwèé àṣẹ. Ìwé yẹn lè jẹ oṣù. Ẹni tí kò bá tètè kọ tirẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ti kọjá lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí project tèmi ti kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ìwé ìbéèrè kan ni mo fẹ́ lò fún àwọn ìyá ọlọ́mọ, wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ pé, "Ṣé ọkàn yín rẹ̀wẹ̀sì láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn?" Mo bi ìyá kan ní Bẹẹrẹ. Ó yí ìka ká orí, ó ta á nù: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Èmi kọ́!" Mo fi òdo síbẹ̀. Mo ní mà, oorun ńkọ́? Ó ní, "Oorun kẹ̀? Páànù òrùlé ni mo ń kà lóru. Mo mọ iye ìṣó tó wà lórí ẹ̀." Oúnjẹ ńkọ́? Ó ní ọbẹ̀ ń korò lẹ́nu òun. Ara ńkọ́? Ó ní nǹkan ń rìn lágbárí òun bí èèrà. Gbogbo àmì rẹ̀ pé síbẹ̀. "Ìrẹ̀wẹ̀sì" nìkan ni kò gbà wọlé, torí lọ́dọ̀ tirẹ̀, ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ pè é ti sọ pé kó máa bọ̀. Mo lọ bá supervisor mi pé òdo tí mo kọ yẹn, irọ́ ni. Ó ní, "O ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé nìyẹn."

Ọ̀gá_Ìgboro

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀, ẹ má bínú. Owó tí mo béèrè ńkọ́?

Agbowó_Àtijọ́

Ẹ ò parọ́ tán. Ní ilé-ìwòsàn ìjọba, àyè iṣẹ́ kì í ṣí lójoojúmọ́, tó bá sì ṣí, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Lára àwọn tí a jọ kẹ́kọ̀ọ́ jáde, ẹni mẹ́ta padà sí ibi iṣẹ́ tí wọ́n ti wá, owó wọn sì gbéra díẹ̀. Méjì wà ní àwọn àjọ aláàánú. Ọ̀kan ń ṣe olùdámọ̀ràn ní ilé-ìwé àdáni kan l'Ékòó, ìyẹn ló ń rówó jù nínú gbogbo wa, àwọn òbí sì rò pé tíṣà Bíbélì ni.

Àmọ́ pé kò síṣẹ́? Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde lọ́dún 2006 fi hàn pé nínú 100 èèyàn tí ìṣòro ọpọlọ wọn le débi pé ó ń dí wọn lọ́wọ́ ìgbé ayé wọn, bí ẹni 8 péré ló rí ìtọ́jú kankan gbà láàárín ọdún kan. Àwọn 92 yòókù ni iṣẹ́. Ẹni tó máa sanwó iṣẹ́ yẹn la ò tíì rí dáadáa, mo gbà fún yín níbẹ̀.

Òfin ti ń yí díẹ̀díẹ̀. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun, kó tó dìgbà yẹn òfin tí a jogún láti ayé Òyìnbó, ti 1916, la ṣì ń lò. Ìparí ọdún 2022 ni wọ́n buwọ́ lu òfin tó dá ìgbìmọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ social work sílẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ti ń pín ìrẹsì fún aláìní lè pe ara rẹ̀ ní social worker.

Bàbá_Ìbejì_Leeds

Àbúrò, àǹtí rẹ tó ní kí o ṣáà máa bọ̀, bi wọ́n léèrè ọdún tí wọ́n dé. Ìlú tí wọ́n wọ̀ nígbà yẹn kọ́ ló wà níbí mọ́. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ẹni tó bá wá ka másítáàsì inú kíláàsì kò lè mú ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Físà ọdún méjì tí wọ́n ń fún èèyàn lẹ́yìn ẹ̀kọ́, wọ́n ti kéde pé yóò di oṣù 18 fún ẹni tó bá béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2027. Mi ò ní kí o má wá. Mo ní kí o ṣí ojú méjèèjì wá.

Ibi tó ti ń dun àwọn èèyàn wa jù rèé. Kọ́ọ̀sì méjì wà tí orúkọ wọn sún mọ́ra. MSc Mental Health ọlọ́dún kan wà: ìmọ̀ gidi ni, àmọ́ kì í sọ ẹ́ di nǹkan kan lójú òfin. Másítáàsì Social Work ọlọ́dún méjì tún wà, èyí tí Social Work England, àjọ tó ń forúkọ àwọn social worker sílẹ̀ níbí, fọwọ́ sí. Ọjọ́ 200 lo máa fi kọ́ṣẹ́ nínú rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, ilé-ìwòsàn tàbí àjọ. Tí o bá parí ẹ̀, o lè forúkọ sílẹ̀. Orúkọ yẹn, "social worker," òfin ló dáàbò bò ó níbí. Tí orúkọ rẹ ò bá sí nínú ìwé wọn, o ò gbọdọ̀ fi pe ara rẹ.

Mo mọ obìnrin kan, ọmọ ilé wa, tí agent kan l'Ékòó gbé sínú ti ọlọ́dún kan pé "social work náà nìyẹn." Ó ta ilẹ̀ kó tó wá. Ọjọ́ tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ ló tó mọ̀. Ilé àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ báyìí, ó sì mọṣẹ́ ju àwọn tó ń pàṣẹ fún un lọ. Agent ti yí nọ́ńbà. Nítorí náà kí o tó san kọ́bọ̀, lọ sí ojú-ìwé Social Work England fúnra rẹ, wá orúkọ kọ́ọ̀sì náà kàn lórí àkọsílẹ̀ wọn. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún.

Owó ìrànwọ́: Chevening, ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ń gba èèyàn wa dáadáa, àmọ́ wọ́n fẹ́ kí o ti ṣiṣẹ́ tó wákàtí 2,800, ìyẹn bí ọdún méjì. Ọdún méjì tìẹ ti ń pé lọ, ṣírò ó. Másítáàsì ọlọ́dún kan ni wọ́n ń sanwó fún, nítorí náà social work ọlọ́dún méjì ò wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, o máa padà sílé fún ọdún méjì ó kéré tán. Bí o bá fẹ́ ṣiṣẹ́ nílé, ìyẹn ò burú. King's College àti London School of Hygiene jọ ń ṣe másítáàsì kan lórí ìlera ọpọlọ káàkiri àgbáyé, irú rẹ̀ ló bá Chevening mu. Wo owó ìrànwọ́ Commonwealth Shared náà.

Ẹ jẹ́ n fi èyí kún un kí àwọn ìbejì tó jí. Èdè rẹ, má rò pé ẹrù ni. Mo wà níbi tí wọ́n ti ń ṣàyẹ̀wò ìyá àgbà Yorùbá kan, bóyá kí wọ́n dá a dúró sílé-ìwòsàn lábẹ́ òfin ìlera ọpọlọ wọn ti 1983. Dókítà gba ẹnu ògbufọ̀ orí fóònù bi í pé ṣé ó máa ń rí àwọn tó ti kú. Ìyá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá mi wá lánàá, wọ́n bá mi wí." Dókítà ti fa báírò yọ. Mo tọrọ gáfárà, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga: "Mà, ṣé lójú oorun ni?" Ìyá wò mí láti òkè délẹ̀ bí ẹni pé èmi ni wọ́n wá ṣàyẹ̀wò fún: "Ṣé èèyàn ń rí òkú lójúran ni?"

Ìyá_Ìjọ_Òṣogbo

Ẹ kú ìmọ̀ràn, ẹ̀yin ọmọ mi. Àmọ́ mo rí i pé ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ mẹ́nu ba ilé àdúrà bí ẹni tó gbé ẹ̀bi kà á lórí. Ilé àdúrà ni ibi tí ilẹ̀kùn ti ń ṣí lóru. Ilé-ìwòsàn wo lẹ máa kàn ní aago méjì òru tí wọn ò ní béèrè káàdì? Mo ti gba ọ̀pọ̀ sílé, mo sì ti fi ọwọ́ ara mi kó àwọn kan lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Agbowó_Àtijọ́

Màmá, ẹ ṣeun, òótọ́ lẹ sọ. Ìwádìí kan tiẹ̀ gbè yín lẹ́yìn. Gureje àtàwọn ará Ghana ló ṣe é, n'Íbàdàn àti Kumasi, inú ìwé ìròyìn Lancet ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí lọ́dún 2020. Wọ́n mú òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé kí wọ́n máa lọ sí ilé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti ilé àdúrà, kí wọ́n jọ máa tọ́jú àwọn aláìsàn tó wà níbẹ̀. Ara àwọn aláìsàn wọ̀nyẹn yá ju ti àwọn tí wọ́n dá fi sílẹ̀ lọ, ìyà tí wọ́n ń fi jẹ wọ́n náà sì dínkù. Ẹ̀wọ̀n àti ebi nìkan la ò lè bá ẹnikẹ́ni gbà, màmá, ẹ̀yin náà mọ̀.

Ìyá_Ìjọ_Òṣogbo

Ẹ̀wọ̀n ò sí lọ́dọ̀ mi o. Ààwẹ̀ ni mo gbà pé ká yọ fún aláìsàn, mo sì ti yọ ọ́.

Táyé_Houston

Kí ti Amẹ́ríkà náà má bàa ṣọnù. MSW ni másítáàsì social work ń jẹ́ níbí, ọdún méjì, ó kéré tán wákàtí 900 lo máa fi kọ́ṣẹ́ níta. Rí i dájú pé CSWE, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ẹ̀kọ́ social work wò, fọwọ́ sí ilé-ìwé náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìpínlẹ̀ ò ní fún ẹ níwèé àṣẹ. Àwọn tó ka BSW, ìyẹn digíríì àkọ́kọ́ nínú social work, ni wọ́n ń gé ọdún kan kúrò fún, sociology ò wọ̀ ọ́. Físà akẹ́kọ̀ọ́ ń fún ẹ ní oṣù 12 láti fi ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́, kò sí àfikún tí àwọn oní-kọ̀ǹpútà ń rí gbà. Ilé-ìwé tó máa sanwó MSW fún àjèjì ṣọ̀wọ́n gan-an. Èmi fi PhD wọlé, àwọn yẹn ló ń sanwó fún èèyàn. Tó bá jẹ́ èmi nìwọ, Ìbàdàn ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Àbẹ̀ní_Mọ́kọ́lá

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, màmá, ọ̀gá, mo dọ̀bálẹ̀, mo tún kúnlẹ̀. A ti gbé ọmọ yẹn lọ. Dókítà bi wá pé ta ló ń ti ilẹ̀kùn nílé ibi tó ti sá wá. Nínú gbogbo wa, kò sẹ́ni tó ti bi í rí. Wọ́n ti fún wa lọ́jọ́ tí a máa padà wá.

Mo ti pinnu sí UI. Mo ti san owó transcript. Ìbéèrè kan ló kù: lẹ́tà tí wọ́n ní kí n kọ nípa ìdí tí mo fi fẹ́ ka kọ́ọ̀sì náà. Mo ti kọ ọ́ tán lánàá, ojú ewé mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ nípa ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rẹ́ mi kà á, ó sunkún. Ṣé kí n fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_Láfẹ́ńwá

Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ mọ̀ pé o kọ ọ́? Àìsàn rẹ̀ kì í ṣe tìẹ. O sọ pé ó ti níyàwó. Ṣé ìyàwó mọ̀? Lẹ́tà yẹn máa gba ọwọ́ akọ̀wé mẹ́rin kó tó dé tábìlì ẹni tó máa kà á, Ìbàdàn ò sì tóbi tó bẹ́ẹ̀ yẹn. A ṣì ń rí ẹni tí wọ́n tú ìgbéyàwó rẹ̀ ká torí pé ẹnìkan ṣèèṣì rí i ní géètì Àrò. Bi í kọ́kọ́. Tó bá ní rárá, o ti gbọ́ ìdáhùn.

Agbowó_Àtijọ́

Ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ ló ṣáájú. Tó bá sì gbà, gé e sí ìlà mẹ́rin. Ẹkún ọ̀rẹ́ rẹ ò ní gbé ẹ wọlé. Ohun tí wọ́n ń wá nínú lẹ́tà náà ni bóyá o lè ronú. Kọ nípa iṣẹ́ rẹ: ohun tí ẹ ń ṣe tí ọmọ tuntun bá dé, ibi tí ó ti ń kùnà, ohun tí o fẹ́ wá kọ́ kó má bàa kùnà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìbéèrè dókítà yẹn, "ta ló ń ti ilẹ̀kùn," kọ pé kò sẹ́ni tó béèrè ẹ̀ nínú yín. Ó máa dùn ẹ́ láti kọ ọ́, àmọ́ ibẹ̀ ni wọ́n máa dúró sí. Ojú ewé kan péré.

Transcript: má sọ pé o ti sanwó kí o sì lọ sùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lọ fúnra rẹ, bá ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, mọ orúkọ rẹ̀. Lọ́dún tèmi, tèmi wà nínú àpò ìwé lórí fèrèsé fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, wọ́n ti fi òǹtẹ̀ lù ú tán.

Owó: iye tí o máa rí lójú-ìwé Postgraduate College kọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ka mọ́tò lọ síbi ìkọ́ṣẹ́ kún un, dátà, ìwé títẹ̀, dídì project ní ẹ̀ẹ̀mẹta torí wọ́n máa ní kí o lọ tún un ṣe. Ẹ̀yáwó NELFUND tí ìjọba àpapọ̀ ń fún akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe fún másítáàsì, má fi ṣírò. Má sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Bẹ ọ̀gá rẹ kó jẹ́ kí o máa wá ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, kó tiẹ̀ jẹ́ ìdajì owó.

Ọ̀gá_Ìgboro

Ìdajì owó tí kò pé tẹ́lẹ̀. Ó dáa náà. Tí àwọn ọmọ yẹn bá nílò kọ̀ǹpútà, mo ní mẹ́ta tí mo ti tún ṣe, ẹ fi ìsọfúnni ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀.

Àbẹ̀ní_Mọ́kọ́lá

Ọ̀gá, mo ti fi ránṣẹ́, ẹ ṣeun gan-an.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lálẹ́ àná. Mo ka ojú ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un lórí fóònù. Kò sọ nǹkan kan títí mo fi parí, mo rò pé káàdì ti tán. Ó wá ní ilé àdúrà kẹta tí mo kọ síbẹ̀, òun ò dé ibẹ̀ rí, méjì ni wọ́n gbé òun lọ, àwọn màmá ló ń kà á sí mẹ́ta. Ó ní ìyàwó òun mọ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ó ní kí n kọ ọ́, kí n má kọ orúkọ òun, kí n sì fi kún un pé nínú ọdún tí mo sọ pé orí òun ò pé yẹn, òun ló kọ́ mi ní máàtì tí mo fi gba credit ní WAEC.

Mo ti gé e sí ìlà mẹ́rin. Máàtì ló gba méjì níbẹ̀.